Àga tí gbogbo wọn ń sá fún: bí wọ́n ṣe to ìjọba ìpínlẹ̀ Bavaria lẹ́yìn ogun Hitler

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi onímọ̀ ìtàn ṣàlàyé ìjọba kan, kíka orí ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹgbẹ́ yìí gba mínísítà mélòó, tọ̀hún gba mélòó, ọ̀rọ̀ parí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn jà lórí ẹ̀, mi ò sì ní dákẹ́ lónìí. Iṣẹ́ akọ̀wé nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ onímọ̀ ìtàn. Ẹ wo àga tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó lé, ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Ìpínlẹ̀ Bavaria ní gúúsù Jámánì ni mo mú. Ní May 28, 1945, kó tó pé oṣù kan tí ogun parí, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi Fritz Schäffer ṣe olórí ìjọba. Ẹnikẹ́ni kò dìbò. Ní September wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní kò tètè lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Násì, ẹgbẹ́ Hitler, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Láìpẹ́ sígbà náà, Patton, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso Bavaria, fúnra rẹ̀ pàdánù ipò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n wá gbé ipò Schäffer fún Wilhelm Hoegner, agbẹjọ́rò kan nínú SPD, ẹgbẹ́ òṣèlú sósíálì dẹmókírátì, tó sá lọ sí Switzerland nígbà Hitler. Hoegner kó onírúurú èèyàn jọ: SPD, CSU (ẹgbẹ́ òṣèlú Kristẹni ní Bavaria), àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ rárá bíi Ludwig Erhard tó mójú tó ọrọ̀ ajé, ẹni tó wá di olórí ìjọba gbogbo Jámánì lọ́dún 1963. Kọ́múníìsì náà wà níbẹ̀, Heinrich Schmitt. Iṣẹ́ wo ni wọ́n fún un? Iṣẹ́ fífọ ìlú mọ́ kúrò lọ́wọ́ Násì.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Òfin tó jáde ní March 5, 1946 ní kí gbogbo ẹni tó ti lé ní ọdún 18 kọ ohun tó ṣe nígbà Hitler sínú fọ́ọ̀mù, kí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì pín wọn sí ìsọ̀rí márùn-ún, láti orí ọ̀daràn ńlá dé orí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Tíṣà, dókítà, òṣìṣẹ́ rélùwéè, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí mínísítà bá le, àwọn olùdìbò á kórìíra rẹ̀. Bó bá dẹwọ́, Amẹ́ríkà á bínú. Schmitt kúrò láàárín ọdún 1946, Anton Pfeiffer ti CSU gbà á, òun náà kò pẹ́.

Ní December 1, 1946 wọ́n dìbò. CSU gba àga 104 nínú 180 ní ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọ́n lè dá ṣèjọba, ṣùgbọ́n ìjà wà nínú ilé wọn: Josef Müller olórí ẹgbẹ́ kò rí ipò olórí ìjọba gbà, Hans Ehard ni wọ́n yàn. Ehard mú SPD mọ́ra, ó sì mú WAV, ẹgbẹ́ kékeré kan, mọ́ra. Àwọn tó ń ka orí á sọ fún yín pé ìfẹ́ ìṣọ̀kan ló fà á. Mi ò gbà! Ẹni tí wọn yóò gbé àga tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fún ni wọ́n ń wá. Alfred Loritz olórí WAV ni wọ́n gbé iléeṣẹ́ ìfọ̀mọ́ yẹn lé lọ́wọ́. Ní June 1947 Ehard lé e dànù. Ní September SPD jáde, CSU dá ṣe é títí di 1950.

Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ti nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé wọn ńkọ́? Àga wo ni tiwọn?” Mo pa ìwé mi dé. Ìbéèrè yẹn dára ju ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ.

Àwọn ará Jámánì tí wọ́n lé kúrò nílé wọn lẹ́yìn ogun, tí wọ́n wọ Bavaria láti Sudetenland, Silesia àti ibòmíràn ní ìlà-oòrùn, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, kò sì sí mínísítà kankan tó jẹ́ tiwọn. Lọ́dún 1950 ni ẹgbẹ́ wọn, BHE, wọlé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Ehard sì mú wọn wọ ìjọba pẹ̀lú SPD. Ta ni wọ́n fi ṣe igbákejì mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí? Theodor Oberländer, ọmọ ẹgbẹ́ Násì láti 1933. Ẹ wò ó bí àga ìfọ̀mọ́ ṣe di ohun tí gbogbo wọn gbàgbé. Ìyà àwọn tí wọ́n lé wá kì í ṣe irọ́, wọ́n sì yẹ lẹ́ni tí yóò gbẹnu sọ fún wọn. Pé ẹni yìí ni wọ́n rí, ó ń dùn mí títí di òní.

Alága ní àkókò ti tán. Ní kúkúrú: lọ́dún 1954 ẹgbẹ́ mẹ́rin para pọ̀ ti CSU síta, Hoegner padà dé, ó sì wà níbẹ̀ títí di October 1957. Nínú ìjọba yẹn ni BHE ti gba iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún Walter Stain, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, mínísítà gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí CSU padà sórí oyè, wọn kò yọ ọ́. Ó wà lórí àga náà títí di 1962.