Kí Orthotist Ti Wà Níbẹ̀ Kí Wọ́n Tó Tú POP Ìkẹyìn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí gbogbo iṣẹ́ àwọn orthotist, àwọn tó ń ṣe ohun tí a fi ń gbé ẹsẹ̀, ọwọ́, ọrùn tàbí ẹ̀yìn ró. Ẹsẹ̀ wíwọ́ tí wọ́n bí mọ́ ọmọ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù.

Ẹ mọ ìtọ́jú tí Dókítà Ignacio Ponseti gbé kalẹ̀ ní Iowa, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ POP, ìdè funfun líle tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ á máa tọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n á gé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wọn, kí wọ́n tó di POP ìkẹyìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú u, ìyá á jó, bàbá á ya fọ́tò. Ọjọ́ náà gan-an lewu bẹ̀rẹ̀! Bí ọmọ kò bá wọ bàtà méjì tí irin so pọ̀, wákàtí 23 lóòjọ́ fún oṣù 3, lẹ́yìn náà nígbàkígbà tó bá ń sùn títí yóò fi pé bí ọmọ ọdún 4, ẹsẹ̀ yẹn lè padà wọ́.

Àwọn kan láàárín àwa oníṣègùn pàápàá ń sọ pé irin lásán ni, pé wẹ́dà àdúgbò lè jó o. Mi ò gbà, mi ò sì ní gbà láéláé. Ẹsẹ̀ tó wọ́ gbọ́dọ̀ kọjú síta ní dígírì 60 sí 70, èyí tó dá ṣáṣá ní 30 sí 40. Gígùn irin náà gbọ́dọ̀ tó ìbú èjìká ọmọ. Bó bá kúrú, ara á ni ọmọ, á ké mọ́jú, ìyá á sì bọ́ ọ dànù. Wọ́n á wá ní ìyá ò ní sùúrù! Ẹni tó ṣe irin tí kò bá ọmọ mu ló yẹ ká bi.

Alága ní àkókò ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n yára. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú tó ń wọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ nílẹ̀, ike kan wà tó ń wọnú bàtà tó ń gbé e sókè. Ọmọ tó ń dàgbà tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀, ẹ tètè gbé e wá kó tó dàgbà tán. Irin àwọn tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bá jà, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá àgbà kan bá nawọ́: “Ọ̀gá, a gbọ́. Níbo la ti máa rí wọn? Ìgbòho ni mo ti wá.”

Ẹ ṣeun, Mà. Ìbéèrè yín ju gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé ẹnì 1 péré nínú 10 tó nílò nǹkan wọ̀nyí ló ń rí i. Ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, l'Ékòó, tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì, ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Nílé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín, ẹ̀ka fisiotẹ́rápì ni kẹ́ ẹ ti béèrè. Bẹ́ ẹ bá rí orthotist, ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ MRTB, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún wọn níwèé àṣẹ. Ẹni tó mọṣẹ́ á wọn ẹsẹ̀ ní ìhòòhò, á jẹ́ kẹ́yin fúnra yín wọ̀ ọ́ fọ́mọ lójú rẹ̀, á sì dájọ́ tẹ́ ẹ máa padà. Bẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, tí ojú ibì kan pọ́n, tí kò sì lọ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 30, ẹ gbé e padà fún un.

Oṣù mélòó lọmọ tẹ́ ẹ torí rẹ̀ béèrè, Mà?

“Oṣù méjì. POP kejì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.”

Àkókò ṣì wà nígbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú èyí láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ní kí orthotist wá wọn ẹsẹ̀ ọmọ kí wọ́n tó di òmíràn, kí bàtà àti irin rẹ̀ lè ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ti ìkẹyìn.