Ohun Tí Òfin Kò Dárúkọ, Ta Ló Ni Ín?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀, ta ló lágbára lórí kí ni? Ẹ mọ iṣẹ́ gómìnà, mi ò ní fi ìyẹn fi àkókò yín ṣòfò.

Àtòjọ méjì ló wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ti àkọ́kọ́, Abuja, ìyẹn ìjọba àpapọ̀, nìkan ló lè ṣòfin lé e lórí: owó náírà, ológun, ọlọ́pàá, pápákọ̀ òfurufú. Nǹkan 68 ni wọ́n tò síbẹ̀ nígbà yẹn. Ti ìkejì, àwọn méjèèjì ló ni ín, àmọ́ tí òfin wọn bá forí gbárí, ti Abuja ló máa lékè. Ó tán.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í. Ohun tí kò sí lórí àtòjọ kankan ńkọ́? Kíá ni wọ́n á ti dá mi lóhùn: "Ti Abuja ni." RÁRÁ O! Ti ìpínlẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ohun tí òfin kò dárúkọ, TI ÌPÍNLẸ̀ NI!

Bí ilé tí ẹ háyà ni. Lánlọ́ọ̀dù kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì pé yàrá kan lẹ́yìnkùlé, òun ló ni ín. Ó dáa. Kò lè wá jí lọ́la kó máa ti ilé ìdáná yín pa, kó ní ṣebí òun kò kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. (Mo ti bá irú lánlọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ gbé rí. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.)

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí lọ́tìrì gan-an nìyẹn. Ní 2005, wọ́n ṣòfin lọ́tìrì l'Ábújà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Èkó ní níbo ni wọ́n ti kọ lọ́tìrì fún wọn, ó bá gba ilé-ẹjọ́ lọ ní 2008. Ẹjọ́ ọ̀hún rìn, ó rìn, ó di oṣù kọkànlá ọdún 2024 kí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ tó ní òfin yẹn kò lè múlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kankan. Inú ìlú Abuja fúnra rẹ̀ nìkan ló kù sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bú gómìnà nítorí ọlọ́pàá, ẹ rọra! Òfin gbà á láyè kó pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kọmíṣọ́nnà lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu Ààrẹ. Ṣé àṣẹ nìyẹn?

Ti iná mànàmáná yàtọ̀ o. Tẹ́lẹ̀, ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò dé nìkan ni ìpínlẹ̀ ti lè dá sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àtúnṣe ìwé òfin, ìlẹ̀kùn bá ṣí: ìpínlẹ̀ lè pèsè iná, kó sì pín in, kódà níbi tí wáyà yẹn wà. Rélùwéè náà kúrò lórí àtòjọ Abuja nìkan lọ́jọ́ yẹn.

Ṣé ìpínlẹ̀ tiyín ti ṣòfin iná tirẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi.