Fídíò ò ṣí lórí Ubuntu? Ẹ má tíì pa á rẹ́ o

Ẹ n lẹ́ o, ẹ wo screen mi báyìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí kọ̀ǹpútà yìí ni, mo tẹ fídíò MP4 kan pé kí n wò ó, ló bá ní òun ò ní decoder H.264, ìyẹn ohun tó máa tú fídíò náà. Ẹ má pa fáìlì yín rẹ́ o! Èmi ti pa odindi fódà kan rẹ́ rí, mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni, àṣé kò sóhun tó ṣe é.

Àpò lásán ni MP4 yẹn, àwòrán wà nínú ẹ̀, ohùn náà wà níbẹ̀, wọ́n fi H.264 ká àwòrán, wọ́n fi AAC ká ohùn, codec ló máa tú wọn. Ọ̀rọ̀ patent, ìyẹn ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, ni kò jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú Ubuntu látilẹ̀.

Ó yá, ẹ tẹ Ctrl+Alt+T kí terminal, ojú ibi tá a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ṣí, ẹ wá kọ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa tẹ Enter:

sudo add-apt-repository multiverse
sudo apt update
sudo apt install ubuntu-restricted-extras

Tó bá bèèrè password, ẹ lè máa tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan, ó ń wọlé jàre, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tẹ Enter.

Ibi tó ń há àwọn èèyàn lọ́rùn rèé. Ojú ìwé kan máa yọ tó ń sọ̀rọ̀ fọ́ǹtì Microsoft, ẹ máa fi mouse tẹ <Ok> títí, kò ní dáhùn. Tab ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ wò ó, <Ok> ti pọ́n yẹn, ẹ tẹ Enter, èyí tó tẹ̀ lé e ẹ lọ sórí <Yes>, ẹ tún tẹ Enter. Ẹ má fìbínú pa terminal o, tẹ́ ẹ bá ti pa á, sudo dpkg --configure -a ló máa parí iṣẹ́ tẹ́ ẹ dá dúró yẹn.

Ẹ pa player tẹ́ ẹ fi ń wo fídíò yẹn, ẹ tún un ṣí. Ẹ gbọ́ ọ? Ohùn ti ń jáde, àwòrán náà ń lọ geerege.

Tó bá ṣì ń ṣe agídí, ẹ kọ sudo apt install vlc, player míì ni VLC, èmi gan-an òun ni mò ń lò jù. Tẹ́ ẹ bá tẹ Ctrl+J nínú ẹ̀, á sọ codec tó wà nínú fáìlì yẹn fún yín. DVD ló yàtọ̀, libdvd-pkg lẹ máa install, lẹ́yìn náà ẹ ṣe sudo dpkg-reconfigure libdvd-pkg, torí tẹ́ ẹ bá fo ìyẹn, díìsì á kàn máa yí lásán ni.