Wọ́n Kọ Lẹ́tà Bẹ̀bẹ̀ Fún Ohun Tó Ti Sú Wa

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìrìn àjò. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé, mo kí yín. Àgbádárìgì ni mo wà lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe Ìlú Ọba. Mo wá kí ẹbí. Bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú, ilé ni.

Ọ̀rọ̀ òní ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ẹ̀mí ni, n kò sì ní yí i po. Ọ̀pọ̀ wa tí a jẹ́ Kristẹni, tí a sọdá òkun, ni ọkàn wa ti tutù sí Ọlọ́run. A kò sẹ́ Ẹ o. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá, Kristẹni la ó pe ara wa, inú á sì bí wa bí onítọ̀hún bá ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n Bíbélì wà lórí fóònù, a kì í ṣí i. Àdúrà ti di gbólóhùn kan péré kí oorun tó gbé wa lọ. Ọjọ́ Ìsinmi ti di ọjọ́ tí a ń fọṣọ, tí a ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sínú fírísà. Ìsìn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwa náà ń bẹ́ àlùbọ́sà lọ. Bí wọ́n bá ní ká dìde fún orin, a kì í dìde mọ́.

Mo fẹ́ bá yín wo ọ̀rọ̀ yìí láti ìlú tí mo wà yìí, torí pé bí mo ṣe ń rìn kiri níbí, ìtàn ibẹ̀ kò jẹ́ kí ara mi rọlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Àgbádárìgì rí mọ Marina, létí ọ̀sà, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣì dúró sí. 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Àlejò a máa yàwòrán níwájú rẹ̀, wọ́n á wọlé, wọ́n á jáde. Ilé náà dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti wà nílùú yìí kí ilé náà tó parí ló gba ọkàn mi: àwọn ará Sàró.

Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Ogun kó wọn, wọ́n tà wọ́n sínú ọkọ̀ ẹrú, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwa Yorùbá ń pè ní Sàró. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbọ́ ìhìnrere tí wọ́n sì gbà á. Nígbà tí àwọn ọdún 1830 ń parí lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, Àgbádárìgì sì wà lára ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Ẹ rò ó wò. Èèyàn padà sí ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oko ẹrú. Ó lè ní, ó tó, mo ti jìyà, ẹ jẹ́ kí n sinmi, kí n wá ará ilé mi, kí n ṣòwò. Wọ́n ṣòwò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ń jẹ wọ́n lọ́kàn: kò sí oníwàásù, kò sí ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ní 1841, ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ James Ferguson kọ lẹ́tà láti Àgbádárìgì yìí sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Sàró, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rán ìránṣẹ́ Ọlọ́run sí wọn.

Ẹ̀bẹ̀ irú èyí ló gbé Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, dé síbí ní oṣù Kẹsàn-án 1842. Hampshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Freeman. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Abẹ́ igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Agia ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ṣì wà, wọ́n fi àmì ìrántí sí i. Kí oṣù Kejìlá tó parí, Freeman ti dé Abẹ́òkúta ó ti padà, ó sì bá Henry Townsend pàdé níbí, míṣọ́nnárì CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà. Ìlú yìí ni wọ́n ti jọ ṣe Kérésìmesì ọdún yẹn.

Ẹ̀yin ará, ohun tó ń gún mi lọ́kàn nìyí. Ìdálẹ̀ làwọn ará Sàró ti rí ìgbàgbọ́, wọ́n gbé e wálé, ebi rẹ̀ sì ń pa wọ́n débi pé wọ́n kọ lẹ́tà bẹ̀bẹ̀. Ilé ni àwa ti rí tiwa. A gbé e lọ sí ìdálẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kí a má sin Ọlọ́run, tí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà wà káàkiri, tí Bíbélì Yorùbá wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Ó sì sú wa. Kò sí inúnibíni kankan. Ó kàn sú wa ni.

Kí ló fà á? Mo ti rò ó tí tí. Ohun kan tí mo rí rèé, ìrònú tèmi ni, ẹ gbé e wò.

Nígbà tí a wà nílé, àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé ìgbàgbọ́ wa. Màmá á kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ dìde, ó tó àdúrà. Bí oorun bá ń kùn ẹ́, wàá kọrin pẹ̀lú ojú dídì. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì á dún. Aládùúgbò tó ń lọ sí ìṣọ́ òru á ní, ṣé o ò bọ̀ ni? Ẹ lọ sí ọjà Agbálátà, ẹ ó gbọ́ obìnrin tí ń fi orin ìyìn tú ẹrù rẹ̀. Gbogbo àyíká ni wọ́n ti ń sin Ọlọ́run, ìwọ náà ń bá wọn rìn, o sì rò pé ẹsẹ̀ rẹ lo fi ń rìn. Ó wá di ọjọ́ kan, o dé Leeds tàbí Toronto, o ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Kò sí ẹni tí yóò kàn án. Ọjọ́ yẹn ni ìwọ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ìgbàgbọ́ tìrẹ ti tó.

N kò sọ ọ́ láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ìyá tó kan ilẹ̀kùn yẹn kò ṣe àṣedànù, irúgbìn ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan á dé tí èèyàn á fúnra rẹ̀ dìde.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á sọ pé, ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe? Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ iṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kí o gbé èèyàn dìde, kí o tún un tẹ́, kí o pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo mọ owó ilé, owó iná, owó tí wọ́n ń retí nílé. Àárẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀lẹ, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ kedere, torí àwọn oníwàásù kan máa ń dà wọ́n pọ̀, wọ́n á fi ẹ̀bi kún ẹrù ẹni tó ti rẹ̀.

Ẹ ka Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí kọkàndínlógún. Èlíjà sá lọ sínú ijù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá bá a kò bá a wí. Kò ní, ṣé ìwọ wòlíì nìyí? Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kí ó dìde kí ó jẹun. Àkàrà wà lórí ẹyin iná, omi wà nínú orù. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ náà ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, níbẹ̀ ni Ọlọ́run sì ti bá a sọ̀rọ̀. Torí náà, ìwọ arábìnrin tí ara rẹ ti wó, sùn. Jẹun. Ọlọ́run kò bínú sí oorun rẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òtítọ́. Lọ́jọ́ tí o sinmi tán, tí ara ti padà bọ̀ sípò, kí ni ọwọ́ rẹ kọ́kọ́ ń wá? Bó bá jẹ́ pé fóònù ni, tí a wo fídíò títí tí ojú fi ń ta wá, tí a mọ ìjà tí àwọn òṣèré ń jà síra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a kò sì lè jókòó ti Sáàmù kan ṣoṣo, ìyẹn kì í ṣe àárẹ̀ mọ́.

Àwíjàre kejì ni èyí tí mo gbà pé ó ń pa wá jù. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ìwé ìgbélùú gbà. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi kọ́kọ́ dé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ra ilé. Bí ara bá ti rọ̀ mí, màá fi gbogbo ọkàn wá Ọlọ́run." Ìwé dé, ìyàwó dé, ilé dé, ọkàn kò dé. Mósè ti kìlọ̀ rẹ̀ fún Ísírẹ́lì nínú Diutarónómì orí kẹjọ: nígbà tí ẹ bá jẹ tí ẹ yó, tí ẹ kọ́ ilé dáadáa tí ẹ ń gbé inú rẹ̀, ẹ ṣọ́ra kí ẹ má gbàgbé Olúwa. Ọjọ́ ayọ̀ tí à ń dúró dè gan-an ni Mósè ń bẹ̀rù fún wọn.

Àgbádárìgì ní ìtàn fún àwọn tí ń dúró. Oṣù kìn-ín-ní 1845 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, gúnlẹ̀ síbí pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, míṣọ́nnárì CMS mìíràn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó fẹ́ kí wọ́n wá, kú lóṣù yẹn gan-an, ogun sì ti dí ọ̀nà. Ó lé ní ọdún kan àtààbọ̀ tí wọ́n fi wà níbí. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dé tí ìyàwó Gollmer kú. Àwọn tó ń gbọ́ ìwàásù wọn kò pọ̀. Ìlú tí Ọlọ́run fi sí wọn lọ́kàn wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ wọn kò sì lè tẹ̀ ẹ́.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n wàásù níbi tí wọ́n wà. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀. Ibi tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀nà là ní 1846, Crowther dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ, oṣù náà kò sì tíì parí tó fi rí ìyá rẹ̀ tí ogun yà á nípá lọ́dún 1821. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rì bọmi ní Abẹ́òkúta, ní 1848, ni ìyá náà. N kì í lè sọ ibí yìí kí ohùn mi má yí padà.

Ìwọ tí o ń dúró de lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìjọba, Àgbádárìgì tìrẹ lo wà yẹn. Má fi Ọlọ́run sílẹ̀ de Abẹ́òkúta.

Báwo ni a ó ṣe wá bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń retí kí n ní ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, n kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ́ ńlá ló máa ń já lọ́jọ́ kẹta. Jésù sọ fún ìjọ Éfésù nínú Ìfihàn orí kejì pé, "ìwọ ti fi ìfẹ́ rẹ ìṣáájú sílẹ̀." Ẹ wo ohun tó wá ní kí wọ́n ṣe: kí wọ́n rántí ibi tí wọ́n ti ṣubú, kí wọ́n ronú pìwà dà, kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ ìṣáájú. Kò ní kí wọ́n dúró títí ọkàn wọn á fi gbóná. Iṣẹ́ ló ní kí wọ́n ṣe. Ìgbà tí ọkàn rẹ gbóná, kí lò ń ṣe? Bóyá o máa ń ka Bíbélì sókè ketekete. Padà sí i, àní bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ márùn-ún. Bóyá o wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, bóyá ò ń bẹ aláìsàn wò. Padà síbẹ̀. Ìfẹ́ á bá ọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má sì dá a ṣe. Mo mọ rírì ìsìn orí íntánẹ́ẹ̀tì fún aláìlera, fún ìyá ọmọ tuntun, fún ẹni tó wà ní ìlú tí kò sí ìjọ nítòsí. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ le, lọ sáàárín àwọn ará. Wá ẹnì kan, ẹyọ ẹnì kan, tí yóò pè ọ́ láàárọ̀ pé ṣé o ti jí, tí ìwọ náà yóò pè. Kí a máa kan ilẹ̀kùn ara wa. Mo ti bá àbúrò kan tó wà ní Birmingham ṣe àdéhùn yìí kí n tó wálé, ó sì pè mí níbí láàárọ̀ yìí. Àdúrà wa kò gùn. A ka Sáàmù, a gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe ìdánwò, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Níbikíbi tí o wà, má pa ojú dé bí o bá ń wakọ̀.

Baba, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ fún àwọn tó bẹ̀bẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Rẹ tó dé ilẹ̀ wa. Fún wa ní irú ebi tó pa wọ́n. Rántí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ báyìí, fún un lókun, fún un lóorun lọ́la. Rántí ẹni tó ń dúró de ìwé, má jẹ́ kí ó dúró lásán. Ẹni tí kò tíì pe orúkọ Rẹ láti oṣù tó kọjá, tó sì ń gbọ́ mi, Baba, gbọ́ tirẹ̀ bó bá pè Ọ́ lálẹ́ òní, bó ti wù kí àdúrà náà kúrú tó. Lórúkọ Jésù. Àmín.