Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìí Kò Gbọdọ̀ Sọnù Lẹ́nu Ògbufọ̀

Ẹ̀yin adájọ́ wa, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ òfin, ẹ̀yin akọ̀wé kóòtù, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tí wíìgì yín ṣì funfun, mo kí gbogbo yín. Mo tún kí ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi ìpàdé àwa agbẹjọ́rò ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́, mo sì ti tún un tò kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà náà lè bá wa dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ẹlẹ́rìí. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wà ní kóòtù kan tí ìyá àgbàlagbà kan ti ń jẹ́rìí lórí ilẹ̀ ìdílé. Wọ́n bi í pé ta ló gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ra ilẹ̀ náà. Ìyá ní, "Ọkọ mi ni wọ́n kówó náà fún." Ògbufọ̀ sọ ọ́ lédè Òyìnbó pé ọkọ ìyá ló gbowó, adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kan agbẹjọ́rò ìhà kejì láti bi í ní ìbéèrè, ó fa ìwé kan yọ tó fi hàn pé ọkọ ìyá ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n sanwó. Ó wá ń bi ìyá bóyá òkú ló ń gbowó ilẹ̀. Ìyá dákẹ́, ó ń wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló pè ní ọkọ òun. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé gbogbo ọmọ ilé tí ìyàwó bá nílé ọkọ ni ọkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdébìnrin. Adájọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, agbẹjọ́rò tó ń da ìbéèrè bò ó mọ̀, ògbufọ̀ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n èdè Òyìnbó ló wà nínú ìwé, èdè Òyìnbó ọ̀hún sì ti sọ ìyá di òpùrọ́.

N kò gbàgbé ojú ìyá yẹn títí dòní. Òun ló fà á tí mo fi ń sọ pé àtúnṣe kóòtù tí a ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ kò tíì dé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ẹjọ́ wọn, ìyẹn àárín ẹnu ẹlẹ́rìí àti bírò adájọ́.

N kò sọ pé a ò ṣe nǹkan kan. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, ní abala 294, pàṣẹ pé kí kóòtù dá ẹjọ́ láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí àwọn agbẹjọ́rò bá ti sọ ọ̀rọ̀ ìparí wọn. Ẹni tó bá ka ẹjọ́ Ariori àti Elemo, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá lọ́dún 1983, yóò mọ ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì: adájọ́ tó bá pẹ́ jù kó tó dá ẹjọ́ á ti gbàgbé bí ẹlẹ́rìí ṣe sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Lọ́dún 2002 ni Èkó dá ilé ìpẹ̀tùsáàwọ̀ tó sopọ̀ mọ́ kóòtù sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Multi-Door Courthouse. Lọ́dún 2018 ni kóòtù gbèsè kéékèèké tún dé, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ ibẹ̀ máa parí láàárín 60 ọjọ́. Oníṣòwò lè lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá lọ sí kóòtù láìsí lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kọ́ lòun sọ?

Ní ti àwọn tí à ń gbà sínú iṣẹ́ yìí náà, a ti rìn jìnnà. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown, ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, lọ́dún 1879. Ó di ọdún 1933 kí Stella Thomas tó di lọ́yà obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Fọlákẹ́ Ṣólàńkẹ́ ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè SAN, ìyẹn oyè àgbà agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà, lọ́dún 1981. Aloma Mukhtar di adájọ́ àgbà Nàìjíríà lọ́dún 2012, Kudirat Kekere-Ekun sì di obìnrin kejì tó dé orí àga yẹn lọ́dún 2024. Ẹ rántí Firdaus Amasa náà, tí wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kó wọlé síbi ayẹyẹ ìgbaniwọlé sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní December 2017 nítorí híjáàbù orí rẹ̀. Ní July 2018, ó wọlé pẹ̀lú híjáàbù náà lábẹ́ wíìgì. Mo dúpẹ́ lórí ìyẹn. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà náà, ó ṣì ń dùn mọ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé gbogbo àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí gbọ́ èdè Òyìnbó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa agbẹjọ́rò ni ẹgbẹ́ wa ti ń bójú tó: akọ àti abo, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, àgbà àti ọ̀dọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa àti àwọn tó ń bọ̀ wá jẹ́jọ́ kò tíì gba irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀.

Òfin ò gbàgbé wọn. Abala 35 nínú òfin ìpìlẹ̀ ní kí ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́ ìdí tí wọ́n fi mú un láàárín wákàtí 24, lédè tó yé e. Abala 36 ní kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn gbọ́ ẹ̀sùn náà yékéyéké lédè tó yé e, kó sì ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Nínú ẹjọ́ Kajubo, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dá lọ́dún 1988, wọ́n fi yé wa pé bí wọn kò bá ka ẹ̀sùn kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ yé olùjẹ́jọ́ kó tó fèsì, asán ni gbogbo ìgbẹ́jọ́ tó bá tẹ̀lé e. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 náà ní kí ògbufọ̀ wà pẹ̀lú afurasí tí kò gbọ́ èdè Òyìnbó nígbà tí wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kó sì kà á padà fún un.

Ṣùgbọ́n kí ni "túmọ̀ kó yé e"? Ẹ wo ìbéèrè tó rọrùn jùlọ ní kóòtù: "Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?" Nílé tí a ti tọ́ wa dàgbà, bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, àgbà á ní kí ẹni tó kéré jẹ̀bi, kó dọ̀bálẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí. A máa ń sọ fún ọmọ pé, "Jẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo jẹ̀bi." Ìpẹ̀tù ni ẹ̀bi yẹn. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá fún ọjọ́ mẹ́rin, tó dé iwájú májísíréètì tó jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, tó ní, "Mo jẹ̀bi, sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú mi," ṣé ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì tó ṣáájú yẹn ti parí ẹjọ́ òun? Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Májísíréètì tó mọṣẹ́ á ní kó tún un sọ, á ní kí wọ́n ṣàlàyé fún un, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Elòmíràn tó ní ẹjọ́ 30 níwájú láàárọ̀ ọjọ́ kan ò ráyè ìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bí Yorùbá bá ní "wọ́n lù mí," ó lè jẹ́ ènìyàn márùn-ún, ó sì lè jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló nà án. Lédè Òyìnbó, ọ̀kan ni ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ni ọ̀pọ̀. Nínú ẹjọ́ ìdìtẹ̀ ṣe ọ̀ràn, níbi tí iye ènìyàn ti jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ògbufọ̀ tí kò bá dúró béèrè lè fi "wọ́n" kan ṣoṣo kó ẹlòmíràn sí yọ́ọ̀yọ́ọ̀. "Ó" náà rèé, tí kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, ìgbà míì á sì mú èyí tí kò tọ́.

Ti ilẹ̀ ló burú jù. "Bàbá wa fún wọn nílẹ̀." Fún wọn bí i báwo? Wọ́n fún wọn dáko, kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún? Wọ́n fún wọn ta ọrẹ títí láé? Àbí wọ́n fi dógò nítorí owó tí wọ́n yá? Ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àṣà, ìyàtọ̀ àárín wọn sì lè gba gbogbo abúlé kan lọ́wọ́ ìdílé kan. Ẹlẹ́rìí tó dàgbà mọ èyí tó ń sọ. Ògbufọ̀ á mú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan lédè Òyìnbó, á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yóò sì kà ní ọdún mẹ́jọ sígbà náà. Àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn ò gbọ́ ohùn ẹlẹ́rìí rí. Ohun tó wà nínú ìwé ni ẹ̀rí.

Ẹnìkan lè sọ pé adájọ́ tó gbọ́ Yorùbá á tún un ṣe fúnra rẹ̀. Òfin ò gbà á láyè. Nínú ẹjọ́ Ojengbede àti Esan, lọ́dún 2001, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé kóòtù kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ túmọ̀ ìwé tí wọ́n kọ ní Yorùbá. Ògbufọ̀ kóòtù tàbí ẹlẹ́rìí tó mọ èdè náà ló gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dùn sí ìdájọ́ yìí, ṣùgbọ́n mo gbà pé ọgbọ́n wà níbẹ̀: adájọ́ tó bá ń túmọ̀ ti di ẹlẹ́rìí, kò sì sẹ́ni tó lè bi adájọ́ ní ìbéèrè bí a ṣe ń bi ẹlẹ́rìí. Ohun tí ìdájọ́ yẹn ṣe ni pé ó gbé gbogbo ẹrù náà lé ògbufọ̀ lórí. Ta ni ògbufọ̀ yìí? Akọ̀wé tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ mìíràn ni lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n ní kó dìde torí pé ó gbọ́ èdè méjèèjì. Ará Ọ̀yọ́ á máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ará Ìkálẹ̀ tàbí Ìlàjẹ. Ní Badagry, Ègùn ni ẹlẹ́rìí ń sọ. Ti adití tún wà níbẹ̀ tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019.

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ṣòfin ògbufọ̀ kóòtù láti ọdún 1978. Òfin náà ní kí wọ́n yẹ ìmọ̀ ògbufọ̀ wò kí wọ́n sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ti ń fi Yorùbá jókòó, òfin ìpìlẹ̀ sì fàyè gba ìyẹn ní abala 97. N kò ní kí a lé èdè Òyìnbó kúrò ní kóòtù. Nílùú tí Haúsá, Ígbò, Ègùn àti Yorùbá jọ ń gbé, a nílò èdè kan tí gbogbo wa lè fi kọ ìwé ìdájọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ohùn ẹlẹ́rìí wà níbì kan tí a lè padà sí. Kí kóòtù máa gba ohùn sílẹ̀, ti ẹlẹ́rìí àti ti ògbufọ̀, kí ó sì jẹ́ ara rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń lọ sí kòtẹ́milọ́rùn. Bí ìyàn bá wà lórí "ọkọ mi," kí a ṣí i, kí a gbọ́ ọ. Kí ọ̀rọ̀ àṣà bí ìṣákọ́lẹ̀ wọnú ìwé adájọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹlẹ́rìí, kí ìtumọ̀ tẹ̀lé e. Kí iṣẹ́ ògbufọ̀ sì di iṣẹ́ gidi, pẹ̀lú ìdánwò àti owó oṣù tirẹ̀.

Àwa agbẹjọ́rò náà lẹ́jọ́ láti jẹ́. Ọ̀pọ̀ wa gbọ́ àṣìtúmọ̀, a dákẹ́ torí pé ó ṣe ìhà tiwa lóore. Mo mọ̀ pé a bura láti jà fún oníbàárà wa. Síbẹ̀, a ò bura láti fi ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí kò sọ jà fún un.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀ mi, obìnrin kan tó ń ṣe ògbufọ̀ dìde látẹ̀yìn. Ó ní òun ń túmọ̀ ní kóòtù mẹ́ta lóòjọ́, pé láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀, kò sí agbẹjọ́rò kan tó fi ìwé ẹ̀sùn han òun rí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí òun bá dúró níwájú adájọ́ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ àwọn ìdílé, orúkọ odò tó pààlà ilẹ̀, àti ta ni ẹ̀gbọ́n ta. Alága ìpàdé bi wá bóyá a lè máa fún ògbufọ̀ ní ìwé náà ní ọjọ́ kan ṣáájú. Kò ná ìjọba ní nǹkan kan. A nawọ́ sókè, ọwọ́ wa sì pọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi yóò máa mú tèmi lọ bá a.