Òkè Tí Àwọn Baba Wa Sá Gùn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ bá ń dáná lọ́wọ́ ní Houston, mo kí yín. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, ọ̀rọ̀ òkè ni mo sì gbé wá.

Bí a bá ń mú àwọn ọmọ bọ̀ wálé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gun òkè, Olúmọ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Lẹ́yìn Olúmọ, Ìdànrè. Àwọn méjèèjì tó bẹ́ẹ̀, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Nínú gbogbo òkè tí mo ti gùn, èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Adó-Àwáyé, lágbègbè Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Kùtùkùtù la bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú. Àtẹ̀gùn tó ju 300 lọ ló kọ́kọ́ wà níwájú wa. Bàbá kan, ọmọ ìlú náà, ló ṣíwájú. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ó ṣì kù púpọ̀?" Wọ́n ní, "Má kánjú, ọmọ mi. Òkè ò níí sá lọ." Ibi tí a bá ti dúró mí, wọ́n á sọ ìtàn ibẹ̀ fún wa. Wọ́n fi Ìṣàgẹ̀ hàn wá, òkúta ràbàtà kan tó dúró lórí ìdí tóóró, tí àwọn àgbà máa ń bọ nígbà tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀. Wọ́n mú wa dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run, ọ̀nà tóóró kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀ lè já bọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo di ọwọ́ bàbá yẹn mú ṣinṣin níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà la dé Ìyàkẹ́. Omi rèé, lórí àpáta, ewéko yí i ká, ojú rẹ̀ pa rọ́rọ́. Òkè yẹn dà bí ẹni tó ru igbá omi tí kò jẹ́ kó dà nù. Wọ́n ní kì í gbẹ, bó ti wù kí ẹ̀ẹ̀rùn le tó. Àwọn ará ìlú gbà pé Ìyàkẹ́ a máa fi ọmọ ta ẹni tó ń wá ọmọ lọ́rẹ, àwọn obìnrin sì ti ń gòkè wá síbẹ̀ látayébáyé. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ó yẹ kí nǹkan kan wà láyé tí a óò kàn fojú wò, tí a óò sì fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Orí òkè yẹn ni ìlú Adó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn bímọ síbẹ̀, wọ́n sìnkú síbẹ̀. Kì í ṣe atẹ́gùn ni wọ́n gùn ún lọ gbà o. Ogun ni. Ẹni tó bá wà lókè a máa rí ọ̀tá látọ̀nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe wá sá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá. Àwọn ará Ìdànrè ò sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi di àwọn ọdún 1920. Ààfin àtijọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lókè níbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àwọn tiwa tí wọ́n sáré gòkè, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀, tí wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé, "Ta ló gbé ibí rí?"

Ní Manchester tí mò ń gbé, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi mọ ìtàn òkè tiwọn. Kinder Scout wà nítòsí wa, kò ju 636 mítà lọ. Ní 1932, àwọn olówó tó ni ilẹ̀ ò jẹ́ kí mẹ̀kúnnù gbẹ́sẹ̀ síbẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá kó ara wọn jọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n gùn ún tipátipá. Wọ́n ju márùn-ún nínú wọn sẹ́wọ̀n. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ síbẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Inú mi a máa dùn láti gbọ́, ọkàn mi á sì fò lọ sílé.

Mo dé Ìdàáṣà pẹ̀lú, ní orílẹ̀-èdè Benin, ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú òkè 41. Àwọn ọmọ Jagun ló jọba níbẹ̀, ìlà-oòrùn níhà ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ti wá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba Dahomey ayé àtijọ́ ń kó èèyàn lẹ́rú, àwọn òkè wọ̀nyẹn ló gbà wọ́n là. Ìyá kan tó ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà gbọ́ Yorùbá mi. Èdè tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, àmọ́ a gbọ́ ara wa yé, wọ́n sì fi iṣu kún tèmi. Mo ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn mi: ọ̀pọ̀ wa ti dé Dubai, ti dé Paris, a ò dé Ìdàáṣà rí. Níbẹ̀ náà ni àwọn ìjọ Àgùdà ti máa ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo nínú oṣù kẹjọ.

Èyí rán mi létí ìyá mi. Bí wọ́n bá ní àwọn ń lọ sórí òkè, ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n ní òkè wo. Ẹní, Bíbélì, ike omi, ààwẹ̀ ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ti lọ sí Erio l'Ékìtì, wọ́n ti lọ sí Ìkòyí lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ara wọn. Ní Adó-Àwáyé ni ó tó yé mi pé ohun tí àwọn baba wa ń ṣe ni wọ́n ń ṣe: ìdààmú dé, wọ́n gbé e gòkè lọ. Mùsùlùmí ń ṣe é, Kristẹni ń ṣe é, oníṣẹ̀ṣe ló sì ti kọ́kọ́ ń ṣe é.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Adó-Àwáyé, ẹ sún un sí ìparí oṣù kọkànlá, kété tí òjò bá dáwọ́ dúró. Nígbà òjò, àpáta a máa yọ̀. Bí ọyẹ́ bá sì dé tán, kùrukùru ò ní jẹ́ kí ẹ rí ọ̀ọ́kán. Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀. Ẹ sun ìlú náà mọ́jú, ẹ ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀, ẹ gba ọmọ ìlú tí yóò mú yín gòkè, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ dáadáa, ẹ má nájà pẹ̀lú bàbá arúgbó.

Bí òkè kan bá wà nítòsí ìlú yín tí a ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ sọ orúkọ òkè náà, ẹ sọ ẹni tó gbé orí rẹ̀ rí. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe àwọn ìyá yín lórí fóònù lálẹ́ òní kí ẹ bi wọ́n. Màá gbé e sáfẹ́fẹ́ nínú ètò tó ń bọ̀.