Ṣé wáyà eyín ló ń ba oríkèé àgbọ̀n jẹ́?

Ẹ fi ìka kan síwájú etí yín, kí ẹ wá la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ yí, tó tún sún síwájú yẹn, oríkèé àgbọ̀n ni. Kèrékèré pẹlẹbẹ kan wà láàrin eegun àgbọ̀n àti eegun orí, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Tó bá yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, oríkèé á máa dún "kẹ́" bí ẹ bá ti yánu. Bí kò bá ti dunni, tí ẹnu sì ń là dáadáa, kò sí ìtọ́jú kankan tó fẹ́.

Wáyà eyín, ìyẹn wáyà tí dókítà ń dè mọ́ eyín kó lè tò dáadáa, òun wá ńkọ́? Lọ́dún 1987, ní ìpínlẹ̀ Michigan l'Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ kan ní kí dókítà tó ń to eyín san $850,000 fún aláìsàn tó ní ìtọ́jú náà ló kó bá àgbọ̀n òun. Jìnnìjìnnì bo àwọn dókítà yòókù, ni ẹgbẹ́ wọn bá náwó sí ìwádìí. Èsì tó jáde, tí àwọn ìwádìí mìíràn sì tún ń gbè lẹ́yìn, ni pé wáyà kì í fa àìsàn oríkèé àgbọ̀n, wọn ì báà yọ eyín láti fi wá àyè. Kì í sì í wò ó sàn.

Kí ló dé tí wáyà àti ìrora àgbọ̀n fi máa ń pàdé lára ẹnì kan náà? Ọjọ́ orí ni. Ìgbà tọ́mọ bá ń bàlágà ni wọ́n sábà ń de wáyà fún un, ìgbà yẹn náà sì ni ìrora àgbọ̀n ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, pàápàá lára obìnrin. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: òwe yẹn dùn létí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí nílé ìwòsàn.

Lóòótọ́, wáyà máa ń dunni. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un le, ẹran á ṣòroó jẹ fún bí ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ìdí eyín nìyẹn ń dùn, kì í ṣe oríkèé.

Ẹni tí àgbọ̀n ti ń dùn kó tó de wáyà, kó sọ fún dókítà. Ìrora ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́jú: oúnjẹ rírọ̀, aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná, oògùn ara ríro, tàbí ike tí wọ́n ń fi bo eyín lálẹ́ fún ẹni tó ń payín keke lójú oorun. Ìyẹn ò wọ́n tó wáyà. Bí ẹnu bá há tí kò là mọ́, tàbí tó là tí kò pa dé, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.